Álọ́ọ̀mù Nínú Ilé àti ní Ìsọ̀ Onígbàjámọ̀

Ọ̀rọ̀ owó àjọ àti ọ̀rọ̀ èlé ni a máa ń bá yín sọ jù nínú ìwé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, a fẹ́ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, kí a sọ̀rọ̀ nípa ohun kan tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, tí ó sì wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé wa. Ohun náà ni álọ́ọ̀mù.

Ẹ ó rí i lọ́jà lórí àtẹ àwọn ìyá tó ń ta káún, imí-ọjọ́ àti èèlò àgbo. Ẹ ó rí i nínú àwo kékeré lórí tábìlì onígbàjámọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kílípà àti búrọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó ilé ń fi í fọ ìgbín, baálé ilé ń fi í ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́yìn tó bá fá irùngbọ̀n, onílé ń jù ú sínú kànga. Ohun tó mú wa kọ nípa rẹ̀ ni pé ìgbàgbọ́ kan ti gbilẹ̀ láàárín wa pé álọ́ọ̀mù ń pa gbogbo kòkòrò àrùn, àti pé bí onígbàjámọ̀ bá ti fi ra ojú ẹni tán, kò séwu mọ́. Ìgbàgbọ́ yìí kì í ṣe òótọ́. Ó sì lè kó ènìyàn sínú àìsàn tí owó tó ní lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kò ní lè gbà á sílẹ̀.

Kí ni álọ́ọ̀mù gan-an?

Álọ́ọ̀mù kì í ṣe káún, bí wọ́n tilẹ̀ jọ wà lórí àtẹ kan náà. Álọ́ọ̀mù kan lẹ́nu, ó sì ń fa ahọ́n pọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá jẹ kajú tí kò pọ́n. (Ẹ má ṣe tìtorí èyí máa tọ́ gbogbo ohun funfun tí ẹ bá rí lọ́jà wò o. Ẹ bi ẹni tó ń tà á.) Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ mọ́ gaara bí omi dídì, ó sì ń dán. Èyí ni ti irun fífá. Èkejì funfun bí ẹfun, tàbí kí ó ní àwọ̀ eérú díẹ̀, ó sì rí bí àfọ́kù òkúta. Èyí ni wọ́n ń lò fún omi. Èròjà alumíníọ̀mù wà nínú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ti irun fífá ní pọtásíọ̀mù pẹ̀lú, ara sì gbà á ju èkejì lọ. A kò gbà yín níyànjú láti máa fi àfọ́kù ti omi ra ojú.

Ohun àtijọ́ ni. Ní ọdún 1154 ni al-Idrisi, Lárúbáwá onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé, parí ìwé ńlá kan ní erékùṣù Sísílì. Nínú rẹ̀ ni ó ti sọ̀rọ̀ nípa álọ́ọ̀mù tí wọ́n ń wà ní Kawar, nínú aṣálẹ̀ tó wà ní orílẹ̀-èdè Niger lónìí, tí àwọn oníṣòwò ń kó gba inú iyanrìn lọ sí Íjíbítì àti sí ìhà Mọ̀rókò. Àwọn tó ń pa aṣọ láró àti àwọn tó ń ṣe awọ ni wọ́n ń rà á jù láyé ìgbà náà, nítorí pé ó ń jẹ́ kí àwọ̀ mú aṣọ, ó sì ń jẹ́ kí awọ le. Ẹ̀yin atẹ̀wé Ṣómólú náà, ẹ dákun, ẹ gbọ́ tiyín. Ó pẹ́ gan-an tí àwọn tó ń ṣe bébà fi ń po álọ́ọ̀mù mọ́ ọn kí tádàwà má baà tàn káàkiri lórí rẹ̀. Kíkan álọ́ọ̀mù yìí wà lára ohun tó ń sọ ìwé àtijọ́ di pupa rẹ́súrẹ́sú, tí etí rẹ̀ fi ń rún bí ewé gbígbẹ.

Báwo ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́? Bí ẹ bá fọ́ ẹyin sínú páànù gbígbóná, funfun rẹ̀ tó ń ṣàn tẹ́lẹ̀ yóò dì. Ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ni álọ́ọ̀mù ń ṣe, láìsí iná. Bí ó bá kan ẹ̀jẹ̀ tàbí ara tó bó, yóò mú kí ohun tó wà níbẹ̀ dì, kí ó sì sún kì, ẹnu iṣan wíníwíní tó ń sun ẹ̀jẹ̀ yóò sì pa dé. Bí ó bá kan abíyá, ihò tí òógùn ń gbà jáde yóò dí fún ìgbà díẹ̀. Bí ó bá kan omi dídàrú, ẹrẹ̀ tó ń léfòó yóò gbá jọ, yóò sì rì sí ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀: ó ń fa nǹkan pọ̀. Nítorí pé ó kan, ó lè dí àwọn kòkòrò kan lọ́wọ́, irú àwọn tó ń mú abíyá rùn. Ṣùgbọ́n dídí kòkòrò lọ́wọ́ yàtọ̀ sí pípa á, abíyá sì yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀.

Bí a ṣe ń lò ó lẹ́yìn irun fífá

Ẹni tó ń fá irùngbọ̀n nílé ara rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ rẹ irun náà títí tí yóò fi rọ̀. Abẹ tuntun ni kí ó lò. Ibi tí irun kọjú sí ni kí ó fá a sí, kí ó má ṣe máa fá a sókè, kí ó má sì na awọ ojú pọ̀ jù. Bí ó bá fá a tán, kí ó fi omi tútù ṣan ojú. Lẹ́yìn èyí ni kí ó rẹ álọ́ọ̀mù sínú omi, kí ó fi yí ibi tó fá jẹ́jẹ́. Yóò ta á díẹ̀. Ibi tó bá ta jù ni abẹ ti họ, èyí sì fi hàn án ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti le jù. Kí ó fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ó ṣan án kúrò, kí ó fi aṣọ mímọ́ nu ojú, kí ó sì fi òrí tàbí àdí àgbọn díẹ̀ pa á, nítorí pé álọ́ọ̀mù a máa gbẹ ara. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ń yún, tó bá ní ìfọ́ tàbí egbò lójú, kí ó jìnnà sí i.

Èyí tó bá ti kọjá kí abẹ họ ni lára díẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ álọ́ọ̀mù mọ́. Bí ojú ọgbẹ́ bá là, aṣọ mímọ́ ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, láìṣí i wò. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá, tàbí tó bá ń tú jáde, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹ má ṣe fọ́ álọ́ọ̀mù sínú ọgbẹ́ jínjìn. Yóò jó ẹran ara tó wà nínú rẹ̀, kò sì ní dá àìsàn ipá dúró bí ó bá jẹ́ irin tó dógùn-ún ló gé yín.

Ìsọ̀ onígbàjámọ̀

Níbí ni ọ̀rọ̀ wa wà jù. Ẹ wo bí álọ́ọ̀mù ṣe ń rìn ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ ní ọjọ́ Sátidé tí àwọn ènìyàn ń múra òde. Ẹni àkọ́kọ́ jókòó, kílípà tàbí abẹ kọjá lọ́rùn rẹ̀, ó họ ọ́ ní ibi kékeré kan tí ojú lè máà rí. Onígbàjámọ̀ mú álọ́ọ̀mù, ó rẹ ẹ́ sínú omi, ó fi ra ibẹ̀, ó dá a padà sínú àwo. Ẹni kejì jókòó, álọ́ọ̀mù kan náà ni, omi kan náà ni. Títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, òkúta kan ṣoṣo yìí ti kan ara gbogbo àwọn tó wá. Ohun tí a sì ní kí ó di ẹ̀jẹ̀ mú ni. Ṣé kò ní mú díẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bẹ̀rù éèdì, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1986 tí wọ́n ti kọ́kọ́ kéde pé ó wà ní Nàìjíríà ni wọ́n ti ń pariwo fún wa pé kí a má ṣe jọ lo abẹ. Ṣùgbọ́n kòkòrò éèdì kì í pẹ́ kú bí ó bá ti kúrò lára. Èyí tó yẹ kí a bẹ̀rù jù ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ ni àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní Hepatitis B. Kòkòrò rẹ̀ lè wà lórí ohun tó ti gbẹ fún ọjọ́ méje ó kéré tán, kí ó sì tún lágbára láti ran ènìyàn. Ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò lè rí ti tó fún un. Ẹni tó ní in lè máa rìn káàkiri fún ọ̀pọ̀ ọdún láìmọ̀, ara rẹ̀ yóò le koko, kí ó tó di pé ẹ̀dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Álọ́ọ̀mù kò lè pa kòkòrò yìí. Kódà, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, òfin kò gbà kí onígbàjámọ̀ máa fi òkúta álọ́ọ̀mù kan ra ara oníbàárà méjì.

A kò sọ èyí láti ba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́. Àwọn onígbàjámọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ wa, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti yá owó ẹgbẹ́ fi ra kílípà àti jẹnẹrétọ̀. Oníbàárà tó bá ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú wọn ni yóò mú kí owó náà padà sílé. Nítorí náà, ẹ̀yin onígbàjámọ̀ wa, ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣe kò ṣòro. Ẹ fọ́ álọ́ọ̀mù kékeré, ẹ yọ́ ọ nínú ìgò omi mímọ́ kan tó ní ìdérí. Bí ẹ bá gẹ irun tán, ẹ da díẹ̀ sórí òwú tuntun, ẹ fi ra ibi tó yẹ, kí ẹ sì ju òwú náà nù lójú oníbàárà. Ẹ má ṣe ti òwú tí ẹ ti lò bọ ìgò náà. Abẹ kan fún ẹnì kan ni. Ní ti kílípà, ẹ gbọn irun inú rẹ̀ dànù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì nu ún, kí ẹ tó fi sípírítì rẹ eyín rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kí sípírítì náà gbẹ fúnra rẹ̀. Kí a fi aṣọ olómi sípírítì nù ún fìrìfìrì, tàbí kí a ṣáná sí i lẹ́ẹ̀kan kí ó bù yẹ̀rì, ìyẹn dùn ún wò lójú oníbàárà, ṣùgbọ́n kò tó.

Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ má ṣe tijú. Ẹ ra álọ́ọ̀mù tiyín, ẹ fi sínú ike kékeré, kí ẹ mú un lọ. Kò sí ìwọ̀sí nínú kí ènìyàn sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi lo tèmi.” Ẹni tó bá lágbára, kí ó ra kílípà tirẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Èkó báyìí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tún wà fún Hepatitis B. Àwọn ọmọ ọwọ́ ní Nàìjíríà ti ń gbà á láti bí ọdún 2004, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwa àgbà kò gbà á rí. Fún àgbàlagbà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń gún un láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹ lè béèrè nípa àyẹ̀wò àti abẹ́rẹ́ náà ní Ilé Ìwòsàn Gbogboogbò Gbàgádà tàbí ti Ṣómólú. Onígbàjámọ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ, nítorí pé ọwọ́ tirẹ̀ ni ó ń kan ẹ̀jẹ̀ gbogbo ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ bọ́ǹpù ńkọ́? Àwọn kókó wíníwíní tó ń yọ sí àgbọ̀n àti sí ẹ̀yìn ọrùn ni a ń sọ. Irun àwa ènìyàn dúdú ká kókó. Bí a bá gé e mọ́ ara pátápátá, ẹnu rẹ̀ mímú yóò yí padà wọ inú awọ lọ, ara yóò sì wú sí i bí ìgbà tí ẹ̀gún gún un. Álọ́ọ̀mù lè mú kí wíwú náà rọlẹ̀ díẹ̀, kò lè na irun tó ká. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ènìyàn fi abẹ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ó sì máa lo kílípà tí yóò ṣẹ́ díẹ̀ kù lára irun nígbà tó bá tún bẹ̀rẹ̀. Kí ó má ṣe fi èékánná tú wọn. Bí tẹ̀yìn ọrùn bá ń le, tó ń di àpá gbàǹgbà, dókítà awọ ara ni kí ó lọ rí, kì í ṣe onígbàjámọ̀ mìíràn.

Àwọn iṣẹ́ kéékèèké nínú ilé

Fún abíyá, ẹ wẹ̀ tán, kí ẹ rẹ álọ́ọ̀mù sínú omi, kí ẹ fi yí abíyá lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹni tó bá ti wọ dánfó láti Bárígà dé Ọ̀yìngbò lọ́sàn-án gangan mọ̀ pé iṣẹ́ àánú gbáà ni èyí. Ẹ má ṣe lò ó ní ọjọ́ tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fá irun ibẹ̀, yóò ta yín gidigidi. Fún egbò kékeré inú ẹnu tàbí ọ̀fun tó ń dunni, ẹ yọ́ ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan nínú ife omi lọ́wọ́ọ́wọ́ kan, kí ẹ fi yọ ẹnu, kí ẹ sì tu ú dànù. Ẹ má ṣe gbé e mì. Àgbàlagbà nìkan ni kí ó ṣe èyí. Egbò ẹnu tó bá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ó yẹ kí dókítà wò ó. Ìgbín àti ẹja àrọ̀ ńkọ́? Álọ́ọ̀mù ń ká ikùn wọn kúrò lóòótọ́, nítorí pé ó ń dì í. Omi púpọ̀ ni kí ẹ fi ṣan wọ́n lẹ́yìn náà.

Àwọn ibi tí álọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ dé nìyí. Kò gbọdọ̀ dé ojú, bí ó ti wù kí ojú pọ́n tó. Kò gbọdọ̀ dé ìdodo ọmọ tuntun. Ìpara chlorhexidine wà fún ìyẹn ní ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ jọ̀wọ́, a mọ̀ pé wọ́n ń tà á fún yín lọ́jà pé kí ẹ fi sí ojú ara kí ó lè fún. Kò sí ohun tó ń fún níbẹ̀. Gbígbẹ ni ó ń gbẹ ibẹ̀, ó ń bó o, ojú ibi tó bó sì ni àrùn ìbálòpọ̀ ń gbà wọlé. Ẹni tó bá sì ní àìsàn kíndìnrín kò gbọdọ̀ gbé e mì rárá, nítorí pé kíndìnrín ni ó yẹ kí ó kó alumíníọ̀mù jáde lára.

Ó ku omi. Ọ̀pọ̀ ilé wa ló ṣì ń fa omi kànga, ó sì máa ń dàrú lẹ́yìn òjò. Álọ́ọ̀mù ni àwọn ilé iṣẹ́ omi ìjọba, irú ti Ìjú àti Àdìyàn, fi ń mú kí ẹrẹ̀ inú omi odò rì, ṣùgbọ́n wọn kì í dúró síbẹ̀. Wọ́n á sẹ́ omi náà, wọ́n á sì fi kúlórínì pa kòkòrò inú rẹ̀. Àwa ńkọ́? A ju álọ́ọ̀mù sínú kànga, omi mọ́ lójú, a bu ú mu. Omi tó mọ́ lójú lè ní kọ́lẹ́rà àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun nínú, pàápàá níbi tí ṣáláńgá àti kànga ti fara kínra bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ àgbàlá wa. Ẹ fa omi náà sínú garawa kí ẹ tó lo álọ́ọ̀mù. Ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan tí a lọ̀ kúnná ti tó fún garawa tó gba lítà 20. Ẹ rò ó kíákíá fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá máa rò ó jẹ́jẹ́ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ sì bò ó mọ́lẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ rọra da omi òkè rẹ̀ gba inú aṣọ mímọ́, kí ẹ sì sè é kí ó hó kí ẹ tó mu ún. Ẹ̀yin ará wa tó ń gbé létí ọ̀sà ní Ìlàjẹ Bárígà, bí omi kànga yín bá ní iyọ̀, álọ́ọ̀mù kò ní mú iyọ̀ kúrò, bí ó ti wù kí ẹ dà sí i tó.

Púpọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe oore. Ní oṣù kéje ọdún 1988, ní ìlú Camelford ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, awakọ̀ kan ṣèèṣì da 20 tọ́ọ̀nù álọ́ọ̀mù ti omi sínú táǹkì tí kò yẹ ní ilé iṣẹ́ omi. Omi náà dé ilé nǹkan bí 20,000 ènìyàn. Ẹnu bó wọn, inú ń run wọ́n, ara ń yún wọn. Ibi tí wọ́n ti ní àwọn ẹ̀rọ àti àwọn onímọ̀ ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá wá ń fi ọwọ́ bù ú sínú kànga láìwọ̀n ọ́n, kí ó rò ó wò.

Álọ́ọ̀mù kan tó tó ọṣẹ ìwẹ̀ yóò pẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, bí a bá ń nù ún gbẹ lẹ́yìn tí a bá lò ó tán. Bí ó bá fọ́, tí etí rẹ̀ mú, ẹ fi omi yí i títí yóò fi jọ̀lọ̀, kí ó má baà gé yín. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, nítorí pé ó jọ ìyọ̀ tàbí ṣúgà lójú wọn bí ó bá ti rún. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń ra ọjà pọ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ lè fi kún ohun tí wọ́n ń rà: èyí tó mọ́ gaara ni kí wọ́n béèrè, kí wọ́n sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan pẹ̀lú ike tirẹ̀.